Kòdúró àti Kíndìnrín Rẹ̀ Méjèèjì

Kòdúró ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bọ́ọ̀sì gbọọrọ ló ń wà, irú èyí tó ń kó èrò méjìlélọ́gọ́ta láti ìlú kan dé ìkejì, ó sì ti wà á fún ọdún mẹ́tàlélógún. Tó bá ti gbéra láàárọ̀, ó di ibi tí ilé iṣẹ́ kọ sínú ìwé kó tó tẹ bíréèkì. Bí èrò kan bá pariwo látẹ̀yìn pé òun fẹ́ tọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á dáhùn láìbojú wẹ̀yìn, "Ẹ bá mi mú un mọ́ra. Èmi tí mo jókòó síwájú yìí náà ní àpò ìtọ̀." Ọkọ̀ á bú sẹ́rìn-ín, onítọ̀hún á sì mú un mọ́ra.

Ohun tí àwọn èrò ò mọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi kì í fi omi kan ẹnu lọ́jọ́ iṣẹ́. Ife tíì kan ṣoṣo ní ìdájí, ó parí, ó di ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń bá a jà lórí ẹ̀. Á ní, "Tí mo bá mu omi, màá tọ̀. Tí mo bá tọ̀, màá pẹ́. Ṣé ìwọ lo máa lọ bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ ni?" Tíṣà ìṣirò lásán ni mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ọ̀gá rẹ̀ ò mọ̀ mí rí.

Ọdún tó pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ló bẹ̀rẹ̀ sí rí ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró lára rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́rin. Ó pa á mọ́ra fún oṣù méjì gbáko. Ọjọ́ tó sọ fún mi, bí ẹni ń sọ pé táyà jò ló ṣe sọ ọ́. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, a jọ lọ sí ọsibítù. Wọ́n gé ẹran bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, èsì sì dé lọ́sẹ̀ kejì: àrùn jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Kò tíì jáde kúrò níbi tó wà, wọ́n ní ó ṣeé wò.

Dókítà tó gba ìtọ́jú rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó máa ń wọ bàtà kánfáàsì, tí dígí ojú rẹ̀ kì í dúró lórí imú. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ ní Dókítà Kékeré, kò sì bínú. Ó ya ìwòrán fún wa lẹ́yìn ìwé kan. Lójoojúmọ́, Mọ́ńdè títí dé Fúráídè, wọn yóò máa tan ìtànṣán sí ibi tí àrùn náà wà. Lọ́jọ́ Túsìdeè, wọn yóò fa oògùn jẹjẹrẹ sí i lára láti inú àpò tí wọ́n gbé kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀.

"Oògùn yìí kì í ṣeré, mà," Dókítà Kékeré ló sọ bẹ́ẹ̀. "Irin iyebíye kan tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà fi ń ṣe òrùka wà nínú ẹ̀."

"Ẹ kúkú fi ṣe òrùka fún mi."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó wá fi bíírò tọ́ka sí nǹkan méjì tó yà bí ẹ̀wà sí ẹ̀yìn ara. "Ibí ni wàhálà ẹ̀ wà. Kíndìnrín ni oògùn náà máa ń gbà jáde. Bó ṣe ń kọjá, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é léṣe. Bí omi bá pọ̀ lára yín, kò ní pẹ́ níbẹ̀, kò sì ní ráyè ṣe é léṣe púpọ̀. Nítorí náà, omi la máa kọ́kọ́ fà sí yín lára, omi la máa fi gbẹ̀yìn. Nílé, ẹ máa mu tó líta mẹ́ta lójúmọ́."

"Líta mẹ́ta! Dókítà, radiétọ̀ ni mí àbí èèyàn?"

"Èèyàn, mà. Ṣé ẹ ń lo oògùn míì nílé?"

"Rárá o."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Yàrá tí wọ́n ti ń fa oògùn náà wà lókè, àga aláwọ̀ búlúù mẹ́jọ tó ṣeé tẹ̀ sẹ́yìn ló wà níbẹ̀, fèrèsé ẹ̀ dojú kọ ibi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n mi yan àga tó sún mọ́ fèrèsé jù, kó lè máa wo àwọn tí kò mọ ọkọ̀ páàkì kó sì máa bú wọn lábẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ni yàrá náà kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Kó tó gún ẹnikẹ́ni, ó máa kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mú apá onítọ̀hún kó lè móoru. Òun ló fún wa ní ife ńlá oníke kan tí wọ́n fa ìlà sí lára.

"Àǹtí Dírẹ́bà, inú èyí ni kẹ́ ẹ máa tọ̀ sí. Kí àbúrò yín máa kọ iye tẹ́ ẹ mu àti iye tẹ́ ẹ tọ̀."

Iṣẹ́ dé ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo ra ìwé tuntun, mo fa ìlà, mo pín in sí ojú ìwé méjì-méjì. Ẹ̀gbọ́n mi á jókòó sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, á na ife náà sí mi. "Tíṣà, mélòó ni mo gbà?"

"Mẹ́rin nínú mẹ́wàá."

"O ò láàánú ọmọ ẹlòmíì rárá."

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ó ń bì, ṣùgbọ́n ó ń fi í ṣe àwàdà. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kẹta ni nǹkan yí padà. Ó ní omi ń ta òun lẹ́nu bí ìgbà tí èèyàn lá irin. Mo bu omi sí ife, mo padà dé láti ilé ìwé, mo bá ife náà bí mo ṣe gbé e kalẹ̀. Ìtọ̀ inú ike dín kù, ó sì pọ́n bí tíì tí kò ní mílíìkì. Lọ́jọ́ Sátidé, bàtà rẹ̀ kò wọ ẹsẹ̀ mọ́; ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn sínú, kò ní tètè padà. Mo fẹ́ pe ọsibítù.

"Ìtànṣán ló rẹ̀ mí. Túsìdeè la máa rí Dókítà, ó ṣáà kù fẹ́ẹ́rẹ́."

Mo gbà fún un. Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi gbà fún un yẹn ṣì ń dùn mí.

Lọ́jọ́ Túsìdeè kẹrin, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ bí ìṣe wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ̀ sẹ́yìn lórí àga, ó ti ká apá aṣọ sókè, nígbà tí Dókítà Kékeré wọlé pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Kò dúró lórí wa. Ó fa àpótí ìjókòó Nọ́ọ̀sì, ó jókòó.

"Mà, a ò ní fún yín lónìí."

"Kí ló dé? Mo ti jókòó. Apá mi rèé."

"Ìdọ̀tí kan wà tí kíndìnrín máa ń kó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Iye tó kù níbẹ̀ la fi ń mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Tiyín ti di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ iye tó wà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Oògùn wa ti dá kíndìnrín yín lọ́gbẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde jókòó dáadáa. "Ẹ gbọ́ mi, Dókítà Kékeré. Jẹjẹrẹ ló fẹ́ pa mí, kíndìnrín kọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pa jẹjẹrẹ. Tó bá kú tán, a ó padà wá gbọ́ ti kíndìnrín."

"Bí mo bá fà á sí yín lára lónìí, ó lè jẹ́ pé kò ní sí ohun tá a máa padà wá gbọ́. Ẹ̀rọ ni yóò máa bá yín fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, títí ayé yín." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, kò sì le. "Tá a bá dúró báyìí, mo ní ìdánilójú tó pọ̀ pé yóò padà bọ̀ sípò dé ìwọ̀n kan. Ìtànṣán yín kò ní dúró. Ìyẹn ò bá kíndìnrín yín jà. Àjà tó wà lókè wa yìí lẹ ń lọ báyìí, ẹ máa sùn síbí fún ọjọ́ díẹ̀, a ó máa fa omi sí yín lára."

Ó kù díẹ̀ kó jáde, ó tún yí padà. "Ẹ jọ̀ọ́, mo tún ń bi yín. Ṣé kò sí oògùn orí fífọ́, oògùn ẹ̀yìn, àgbo, ohunkóhun?"

"Mo ti dáhùn lọ́jọ́sí."

Wọ́n gbé e lọ sí yàrá oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́rin. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ikùn rẹ̀ bóyá nǹkan kan ló dí ojú ọ̀nà ìtọ̀, wọn ò rí i. Wọ́n gbé omi kọ́. Nígbà tó dọwọ́ ọ̀sán, ó ní kí n bá òun mú dígí ojú òun nínú báàgì. Mo wá dígí, ọwọ́ mi bá páálí oògùn. Mo fà á jáde. Káàdì mẹ́rin ni, horo méjìlá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta ti ṣófo, ọ̀kan ti dé ìdajì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lèyí?"

Ó wo àwọn aláìsàn yòókù, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Orúnkún mi ni. Ti òsì. Ọdún mẹ́tàlélógún tí mo fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ṣé o rò pé eré ni? Kẹ́mísìtì ibi iṣẹ́ wa ló máa ń tà á fún mi. Mi ò lè sùn láìlò ó."

"Dókítà bi yín lẹ́ẹ̀mejì."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Kí wọ́n lè ní èmi ni mo ba ara mi jẹ́, kí wọ́n má fún mi ní abẹ́rẹ́ mọ́? Dá a padà síbi tó o ti rí i." Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀."

Ó yẹ kí n sọ irú ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ sí mi. Mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ìyá wa kú. Òun ló ń di irun mi, òun ló ń lọ sí ìpàdé òbí, òun ló gbé mi sí ìjókòó ẹ̀yìn dírẹ́bà lọ́jọ́ tí mo ń lọ ṣe ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́, tó ń kọrin kí n má baà bẹ̀rù. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, mi ò tíì gbó o lẹ́nu rí. Mo jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀ pẹ̀lú páálí náà nínú àpò aṣọ mi. Mo rìn dé ìdí àtẹ̀gùn, mo padà. Mo tún rìn débẹ̀. Nígbà kẹta, mo sọ̀ kalẹ̀.

Mo bá Nọ́ọ̀sì níbi tó ti ń fọwọ́. Mo na páálí náà sí i, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi gòkè. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀."

A jọ wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi rí páálí náà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, ó wo ojú mi. Mo rò pé ilẹ̀ máa lanu gbé mi mì.

Nọ́ọ̀sì kò bú u. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó yẹ káàdì wò níwá lẹ́yìn. "Mélòó lójúmọ́, Àǹtí Dírẹ́bà?"

"Mẹ́ta. Nígbà míì, mẹ́rin."

"Ó dáa tá a rí i. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin nìkan kọ́. Ìdajì àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ló ní nǹkan nínú báàgì." Ó fi páálí náà sí àpò rẹ̀. "Abẹ́rẹ́ wa ń dá kíndìnrín yín lọ́gbẹ́ látinú. Èyí ń dín ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa débẹ̀ kù. Ẹ sì tún bá omi ṣọ̀tá. Mẹ́ta ló dojú ìjà kọ méjì. Kíndìnrín yín gbìyànjú gan-an kó tó dúró títí di òní."

Ó jáde lọ pe Dókítà. Wọ́n fi oògùn orúnkún míì tí kò ní bá kíndìnrín jà rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi iyọ̀ ara tó ti ń bá ìtọ̀ lọ kún omi tí wọ́n ń fà sí i.

Fún ọjọ́ méjì, ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀. Mo wà níbẹ̀, mo ń bu omi, mo ń kọ nǹkan sínú ìwé, mo ń tì í nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn lọ sí yàrá ìtànṣán. Tó bá fẹ́ nǹkan, á pe Nọ́ọ̀sì, tó ń gòkè wá wò ó lójoojúmọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún obìnrin yẹn pé kó sún ife náà mọ́ mi." Nọ́ọ̀sì á kọjú sí mi, á ní, "Obìnrin yẹn, wọ́n ní kẹ́ ẹ sún ife mọ́ wọn." Mo sún un. Ó sì ń mu ún, ìyẹn nìkan ni mo ń wò. Bó ti ń bínú tó, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé omi mì.

Lọ́jọ́ Fúráídè, mo wà lójú fèrèsé, mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti balùwẹ̀.

"Tíṣà! Dìde wá ńbí!"

Mo sáré. Ó gbé ife oníke náà sókè bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ níbi eré ìdárayá. Ó kún dé ìlà òkè, ó mọ́ gaara.

"Máàkì mi."

"Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá," ni mo wí, ẹkún sì gbá mi mú lójijì.

"Má sunkún sínú ẹ̀, o máa ba ìṣirò jẹ́." Ó gbé ife sílẹ̀, ó fi ọwọ́ tí báńdéèjì ṣì lẹ̀ mọ́ mú mi léjìká. "Inú bí mi sí ẹ gan-an. Ṣùgbọ́n ká ní o dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀ ni, ǹ bá ti kú pẹ̀lú ọ̀wọ̀ náà. Àánú wo ló wà nínú ìyẹn?"

Èsì ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ náà fi hàn pé nọ́ńbà burúkú yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó ti sọ̀ kalẹ̀ jìnnà, àmọ́ kò dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Dókítà Kékeré kò fi nǹkan kan bò wá lójú.

"Gbogbo ohun tó bà jẹ́ níbẹ̀ kọ́ ló máa padà, mà. Ọ̀nà méjì ló kù. A lè fi ìtànṣán nìkan parí ẹ̀. Àbí ká pa oògùn dà. Àbúrò oògùn yẹn wà. Ìdílé kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ tiẹ̀ rọ̀ díẹ̀ lára kíndìnrín. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ yín dín kù, a ó máa ṣọ́ ọ."

"Ṣé àbúrò yìí mọ iṣẹ́ bí ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ̀gbọ́n la mọ̀ dáadáa jù fún irú àìsàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ti ṣe yín léṣe. Tó bá jẹ́ ìyá mi ló wà níbí, àbúrò ni màá fún un."

Ẹ̀gbọ́n mi ronú. Ó bi í ní ìbéèrè mọ́kànlá. Mo kà á. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi. "Ẹ fún mi ní àbúrò. Mo ti rí ohun tí àbúrò lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí."

Wọ́n fún un lẹ́ẹ̀mejì, ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kù. Kò dùn, ṣùgbọ́n ó lọ dáadáa, ìwé mi sì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́rìí: kò sí ọjọ́ kan tí omi tó mu kéré sí líta méjì àti ààbọ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó láti ìbàdí dé àyà. Dókítà Kékeré fi àwòrán náà sí ara iná, ó ní kí àwa náà wá wò ó. A ò mọ ohun tá à ń wò, ṣùgbọ́n a mọ ohùn tó fi sọ ọ́. Àrùn náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ní ti kíndìnrín, ó ní bí èèyàn bá pín iṣẹ́ wọn sọ́nà mẹ́ta, méjì ló kù. Èèyàn lè fi ìyẹn lò ó di arúgbó tó bá tọ́jú ẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan irú oògùn orúnkún yẹn mọ́ láyé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kó sì máa wá fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ ló padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fún un ní bọ́ọ̀sì tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó wọ yàrá ọ̀gá wọn, ó ní gbogbo dírẹ́bà gbọ́dọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti dúró láàárín ọ̀nà, níbi tí ilé ìtọ̀ gidi wà. Ọ̀gá bọ́ dígí ojú rẹ̀. "Ṣé ìwọ Kòdúró ló ń sọ èyí?" "Èmi náà ni, ọ̀gá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Ó gbé lẹ́tà dókítà lé orí tábìlì, kò sì kúrò níbẹ̀. Ó gbà wọ́n tó oṣù méjì kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àwọn ọkùnrin ni inú wọn dùn jù. Gbogbo wọn ló ní ìgò tí wọ́n ń tọ̀ sí, tí wọ́n fi pa mọ́ sábẹ́ ìjókòó.

Lóṣù tó kọjá, mo tún bá a lọ fún àyẹ̀wò. Ọkùnrin kan jókòó tì wá níbi tí wọ́n ti ń dúró, ayàwòrán ni, káméra rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọjọ́ náà ló fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, oògùn onírin yẹn gan-an. Ó ti gbọ́ lóríṣiríṣi pé ó ń ba kíndìnrín jẹ́.

"Òótọ́ ni," ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. "Ó mú ìdá kan nínú mẹ́ta tèmi lọ. Ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí n wà níbí lónìí. Ẹ mu omi. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ń gbé mì nílé, ẹ kó o wá, ẹ dà á sórí tábìlì fún wọn."

"Ẹ̀rù ò bà yín, mà?"

Mo ti mọ èsì rẹ̀ sírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Mo dúró kó ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ó bà mí," ni ó wí. "Ní ojoojúmọ́ tí mo fi ń bọ̀ níbí. Mo kàn ń bọ̀ náà ni."

Nọ́ọ̀sì yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó pe ọkùnrin náà. Onítọ̀hún bọ́ káméra lọ́rùn, ó bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó lè bá òun mú un dání. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á, ọkùnrin náà sì wọlé.